Ìtọ́jú Gíà Ọtomátíìkì Kí Ó Lè Pẹ́ Lára Ọkọ̀

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe ohun ìgbafẹ́ fún púpọ̀ nínú àwọn tí ń wà á ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà oúnjẹ ni fún awakọ̀ tí ó ń san owó ọkọ̀ fún olówó rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Èso àjọ àti èésú ni fún olùkọ́ tàbí oníṣòwò tí ó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó owó jọ kí ó tó lè rà á. Nínú gbogbo ohun tí ó lè bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà, gíà ọtomátíìkì ni ó ń ba ni lẹ́rù jù. Bí ẹ́ńjìnì bá dẹnu kọlẹ̀, mẹkáníìkì tí ó lè tú u kí ó sì tò ó padà kò ṣòro í rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè tú gíà ọtomátíìkì palẹ̀, kí wọ́n tò ó, kí ó sì rìn bí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀, kò pọ̀ rárá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí gíà bá ti kú, ohun tí mẹkáníìkì máa ń sọ ni pé kí ọlọ́kọ̀ lọ wá òmíràn rà. Owó tí awakọ̀ ì bá fi jẹun, tí ì bá fi san owó ilé-ìwé ọmọ, ni yóò sì bá ìrìn náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ogbó ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn gíà wọ̀nyí. Ọ́ìlì inú wọn ni: ọ́ìlì tí ó ti jóná, tàbí tí kò pé, tàbí tí kì í ṣe irú tí ó yẹ kí wọ́n dà sí i.

Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ yìí kò kan ènìyàn púpọ̀. Ní 1975, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó, gíà àfọwọ́yí ni ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ tí ń jáde níbẹ̀. Awakọ̀ a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a fa ọ̀pá gíà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a sì sọ fún un bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti ń jẹ tán. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, tí agbára náírà dínkù, tí ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí apá òṣìṣẹ́ kò ká mọ́, ni tòkunbọ̀ gba ìgboro kan. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wálé ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ àlòkù tí ó gba orí omi dé. Orúkọ náà bá a mu rẹ́gí, nítorí pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti máa ń gbé ìwà ibi tí wọ́n bí i sí bọ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ yìí ṣe ń ṣe. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, ọtomátíìkì sì ni gíà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Camry, Corolla, Accord àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó kún ojú títì lónìí, ọtomátíìkì ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun àná. Ní 1905 ni Hermann Föttinger, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n fífi ohun olómi gbé agbára láti ara ohun kan tí ń yí bọ́ sí ara òmíràn. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ní lọ́kàn nígbà náà. Ní 1939 ni ilé-iṣẹ́ General Motors gbé èyí tí wọ́n pè ní Hydra-Matic jáde fún ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940, òun sì ni gíà ọtomátíìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi irú gíà náà sínú àwọn ọkọ̀ ogun onírin. Ohun tí ó lè gbé irin ogun kì í ṣe ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọtomátíìkì kò lágbára ń purọ́ mọ́ ọn.

Kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ yé ni díẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé fáànù méjì kojú ara wọn, tí ó tan ọ̀kan, tí kò tan èkejì, atẹ́gùn ti èkínní yóò mú kí èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà ọtomátíìkì, àfi pé ọ́ìlì ni ó dípò atẹ́gùn níbẹ̀. Fáànù kan ń bá ẹ́ńjìnì yí, ó sì ń da ọ́ìlì lu èkejì. Èkejì sì ń gbé agbára náà wọ inú gíà. Ohun tí ó gbé fáànù méjèèjì sínú ni wọ́n ń pè ní torque converter. Nítorí rẹ̀ ni ọkọ̀ fi lè dúró lójú kan nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn gíà gan-an. Ọ̀kan wà láàárín tí wọ́n fi oòrùn sọ. Àwọn kéékèèké bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń yí i ká bí ìràwọ̀. Òrùka ńlá onéyín sì yí gbogbo wọn po. Bí wọ́n bá di ọ̀kan mú, tí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa yí, ìwọ̀n eré tí yóò jáde yóò yàtọ̀ sí èyí tí ó wọlé. Ohun tí ó ń dì wọ́n mú ni àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bí owó ẹyọ, tí wọ́n sì fi ohun kan tí ó dà bí bébà líle bò lójú. Páǹpù kan ń ti ọ́ìlì gba inú àwọn ojú ọ̀nà tóóró tí ó pọ̀ bí ojú ọ̀nà inú ilé ikán. Ọ́ìlì náà ni ó ń fi agbára tẹ àwọn àwo wọ̀nyí pọ̀ tí ó sì tún ń tú wọn sílẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, brain box, èyí tí í ṣe ọpọlọ ọkọ̀, ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí ọ̀nà kan yóò ṣí tí òmíràn yóò sì tì.

Nítorí náà, ọ́ìlì inú ọtomátíìkì kò jọ ti inú gíà àfọwọ́yí. Nínú àfọwọ́yí, kí irin má ha ara wọn ni iṣẹ́ ọ́ìlì. Nínú ọtomátíìkì, òun ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì kọjá, òun ni ó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, òun ni ó ń mú irin dán, òun náà ni ó sì ń ru ooru jáde lọ tutù. Bí ọ́ìlì bá ṣàìsàn, kò sí ohun tí ó kù nínú gíà tí ara rẹ̀ yóò le.

Ooru ni àìsàn tí ó máa ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ ọ́ìlì ní ìṣirò kan tí wọ́n ń lò: bí ooru ọ́ìlì gíà bá ti kọjá ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwọ̀n bí 11 tí ó bá tún gùn lé e yóò gé ọjọ́ ayé ọ́ìlì náà sí ìdajì. Ní 91, ó di ìdajì. Ní 102, ó di ìdá mẹ́rin. Ní 113, ó di ìdá mẹ́jọ. Ìṣirò ojú lásán ni, kì í ṣe òfin tí kò lè yẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi han ni bí nǹkan ti ń yára bàjẹ́. Ọ́ìlì tí ó bá jóná kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì dáadáa mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tí kò bá dì dáadáa yóò máa yọ̀. Yíyọ̀ náà yóò sì tún dá ooru sílẹ̀. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ọkọ̀ kan ní ọ̀sán gangan, láti Ọ̀jọ́ta títí dé orí afárá Third Mainland, tàbí ní Ìbàdàn láti Ìwó Road lọ sí Òjé ní ọjọ́ ọjà. Ó sún síwájú, ó dúró. Ó tún sún, ó tún dúró. Fáànù ti ẹ́ńjìnì ń yí, ti gíà dúró. Agbára tí kò rí ibi lọ di ooru nínú ọ́ìlì. Kò sí afẹ́fẹ́ ìrìn tí yóò fẹ́ sí radiétọ̀, oòrùn ń mú, ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ pàápàá ń da ooru tirẹ̀ síbẹ̀. Ìwé ìtọ́jú tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kọ máa ń pín ìlò ọkọ̀ sí méjì, ìlò pẹ̀lẹ́ àti ìlò líle. Ohun tí wọ́n máa ń kà sí ìlò líle ni iṣẹ́ takisí, eruku, ẹrù wíwúwo, ìrìn kúkurú kúkurú, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nínú ooru. Ẹni tí ó bá ń gbé Èkó, tí ó ń ka ojú ewé ìlò pẹ̀lẹ́, ìwé ọlọ́kọ̀ mìíràn ni ó ń kà.

Ìwé ti àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ọ́ìlì inú gíà náà yóò lo ọjọ́ ayé ọkọ̀, pé kò sí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ sùn lọ. Ọjọ́ ayé ta ni wọ́n ń wí? Tòkunbọ̀ tí ó ti rin ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kìlómítà ní Amẹ́ríkà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ti lo ọjọ́ ayé kan tán kí ó tó dé èbúté Kútọnu tàbí ti Èkó. Gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àlòkù kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó tà á fún un gbọ́ nípa ọ́ìlì. Kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Wíwò ó kò le. Bí ọkọ̀ bá ní gééjì gíà, kí wọ́n kọ́kọ́ wà á títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná, kí wọ́n gbé e sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, kí wọ́n fa ọ̀pá gíà káàkiri gbogbo ipò rẹ̀, kí wọ́n dá a padà sí P, kí wọ́n sì yọ gééjì nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, pípa ni wọ́n ń pa ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó wò ó, láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Àṣìṣe kékeré níhìn-ín ni ó ń mú kí mẹkáníìkì máa bu ọ́ìlì kún gíà tí ó ti yó. Bí ọ́ìlì kò bá tó, páǹpù yóò máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn gíà yóò máa pò ó títí yóò fi hó bí ọṣẹ, ìfófòó kò sì lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó jáde láìpẹ́ kò tilẹ̀ ní gééjì mọ́. Nísàlẹ̀, láti ara bóòtù kan, ni wọ́n ti ń wò ó, ní ìwọ̀n ooru tí ìwé ọkọ̀ náà bá sọ. Iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó ń kánjú.

Àwọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù fún ọ́ìlì yìí ni pupa. Wọ́n pa á láró bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnì bí ó bá ń jò sílẹ̀. Bí ó bá ti di àwọ̀ igi, ó ń darúgbó. Bí ó bá dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, ewu ti dé. Òórùn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ, nítorí pé àwọn ọ́ìlì mìíràn máa ń tètè ṣú láìṣẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀kan nù mọ́ bébà funfun, kí wọ́n wò bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ta yanrinyanrin.

Àwọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ tún gbé ọkọ̀ náà rìn lọ sílé: bí ọ́ìlì bá dà bí wàrà tí wọ́n bu nǹkan pupa sí. Omi ti wọ inú gíà nìyẹn. Níbo ni ó ti wọlé? Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni: inú radiétọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀pá méjì jáde láti ara gíà lọ sínú radiétọ̀. Ọ́ìlì gíà ń gba inú ọ̀pá kan kọjá láàárín omi radiétọ̀, ó ń tutù, ó sì ń padà. Ohun kan ṣoṣo tí ó ya ọ́ìlì àti omi nípa ni ara ọ̀pá náà. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá ń da omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán sínú radiétọ̀ láti ọdún dé ọdún, ìpẹtà ni ó ń gbìn. Nígbà tí ìpẹtà bá lu ọ̀pá náà, omi àti ọ́ìlì á di ọ̀kan, lẹ́ẹ̀ tí ó mú ojú àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì dì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún radiétọ̀ kì í ṣe fáàrí. Oògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀, kò sì tètè hó bí omi lásán.

Àṣà kan tún wà ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì: bí ọkọ̀ bá ń gbóná, wọn a yọ tàmósítáàtì sọnù, wọn a ní ohun tí àwọn òyìnbó nílò fún òtútù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnì wà ní ìwọ̀n ooru tí brain box ń retí. Bí ẹ́ńjìnì kò bá tètè dé ìwọ̀n náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí gíà bọ́ sí èyí tí ó ga jù, wọn kì í sì í jẹ́ kí torque converter dì pinpin; ọ́ìlì ni yóò sì máa jìyà yíyọ̀ náà ní òpópónà. Àìsàn tí ó mú kí ọkọ̀ gbóná, yálà radiétọ̀ tí ó dí tàbí fáànù tí kò yí, wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀bi kò sì sí lára mẹkáníìkì nìkan. Ọlọ́kọ̀ tí kò fẹ́ ra radiétọ̀ ni ó máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà ṣe é kó lọ.

Ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ọ́ìlì ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù. Nínú ìlò líle, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí ó kọjá àárín 40,000 sí 60,000 kìlómítà. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá gbẹ́kẹ̀ lé òǹkà tí ó wà lójú ọkọ̀, èyí tí ó tọ̀nà láti má gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó fi ọdún méjì sí mẹ́ta ṣe ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé, “Má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ti lágbájá ni gíà náà kú.” Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ, ìdí rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Lágbájá kò ronú kan ọ́ìlì títí gíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán, ìdọ̀tí rẹ̀ ti kún ibi gbogbo, kí ó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òkú ni wọ́n wẹ̀, wọ́n wá ní omi ìwẹ̀ ni ó pa á. Bí wọ́n bá tún wá fi ẹ̀rọ alágbára fọ irú gíà bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí tí ó ti jókòó jẹ́ẹ́ lè ṣí lọ dí àwọn ojú ọ̀nà tóóró wọ̀nnì. Fún ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀, ọ̀nà pẹ̀lẹ́ ni ó dára: kí wọ́n tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí ọ́ìlì tí ó bá lè jáde jáde, kí wọ́n wọn iye rẹ̀, kí wọ́n sì da iye kan náà padà. Èyí kì í ju ìdá mẹ́ta sí ìdajì gbogbo ọ́ìlì lọ, nítorí pé ìyókù wà nínú torque converter. Kí wọ́n wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí wọ́n tún ṣe é. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta bí owó bá wà. Bí ọ̀kan nínú ìgbà wọ̀nyí bá kan ṣíṣí ọpọ́n ìsàlẹ̀ gíà, kí wọ́n wo òòfà tí ó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Bí ohun tí ó wà lára rẹ̀ bá dà bí ẹrẹ̀ eérú kíkúnná, kò léwu. Jíjẹ tí kò lè ṣe kí ó má sí ni. Bí ègé irin bá wà níbẹ̀, irin ti ń jẹ irin. Asẹ́ ọ́ìlì wà nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n pààrọ̀ òun àti gásíkẹ́ẹ̀tì pọ̀.

Irú ọ́ìlì wo? Èyí tí ìwé ọkọ̀ tàbí ara gééjì rẹ̀ bá dárúkọ nìkan. Toyota ní T-IV fún àwọn ti àtijọ́ àti WS fún àwọn tí ó tẹ̀lé e. Honda ní Z1 rí, DW-1 sì ni ó gba ipò rẹ̀ ní 2011. Dexron ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ General Motors. Àwọn Nissan kan ní gíà CVT, tí ó ń lo bẹ́líìtì irin dípò àwọn gíà onéyín, NS-2 tàbí NS-3 sì ni tiwọn. Ẹni tí ó bá da ọ́ìlì ọtomátíìkì lásán sí CVT ti sọ ọ́ di aláìsàn lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí ti jinlẹ̀ tó ni pé títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òróró àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun nì, wà lára ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pò mọ́ ọn kí kílọ́ọ̀ṣì lè máa dì wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí òfin dá wọn lẹ́kun pípa ẹran náà, iṣẹ́ ńlá ni ó jẹ́ fún wọn láti rí arọ́pò. Ohun tí wọ́n fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ pò, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dípò nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ọ́ìlì ayédèrú náà wà lọ́jà pẹ̀lú, nínú ike tí wọ́n ṣà ní ààtàn mẹkáníìkì tí wọ́n sì tún rọ nǹkan sí. Kí ọlọ́kọ̀ dá ike tirẹ̀ lu kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Ìwakọ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Kí ọkọ̀ dúró pátápátá kí ọ̀pá gíà tó kúrò ní R bọ́ sí D. Lórí òkè, irú èyí tí ó pọ̀ ní Èkìtì àti ní Ìdànrè, kí awakọ̀ má ṣe fi iná títẹ̀ gbé ọkọ̀ dúró; bíréèkì ni kí ó tẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fa bíréèkì ọwọ́ kí ó tó fi gíà sí P, nítorí eyín irin kékeré kan ni ó di gbogbo ọkọ̀ náà mú ní P. Bí táyà bá rì sínú ẹrẹ̀, kí wọ́n wá pákó tàbí òkúta sábẹ́ rẹ̀. Iná tí àwọn kan ń tẹ̀ láìdẹwọ́ níbẹ̀, inú ọ́ìlì gíà ni gbogbo ooru rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá la omi àgbàrá tí ó mu táyà dé ìdajì kọjá ní Lẹ́kí tàbí ní Agége nígbà òjò, kí ó yẹ ọ́ìlì gíà wò lọ́jọ́ kejì, nítorí pé gíà ní ihò ìmí lókè, omi a sì máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ọkọ̀ ọtomátíìkì tí ó bá kú lójú ọ̀nà kò ṣe é tì kí ó tàn, bí wọ́n ti ń ti Peugeot 504. Kò sì yẹ kí wọ́n fi okùn fà á lọ sí ọ̀nà jíjìn. Páǹpù inú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti kú. Táyà tí ó ń yí nílẹ̀ yóò máa yí àwọn gíà nígbà tí ọ́ìlì kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń fa ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí Camry àti Accord, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀.

Bí gíà bá ti ń pẹ́ kí ó tó gba D, bí ẹ́ńjìnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sáré, bí ó bá ń ta ni nípàá nígbà tí ó bá ń yí padà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú gíà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Kí wọ́n wo iye ọ́ìlì. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ kàwé lára brain box, nítorí pé solenoid kan tàbí wáyà tí ó já lè fa gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n wo síìtì ẹ́ńjìnì àti síìtì gíà, àwọn rọ́bà tí wọ́n jókòó lé. Bí wọ́n bá ti já, gbogbo ara ọkọ̀ yóò máa mì bí ẹni pé gíà ń tapá. Gíà tí kò ní àrùn kan lè di èyí tí wọ́n sọ sílẹ̀ nítorí rọ́bà.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́, tí ọlọ́kọ̀ sì gba ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin lọ láti ra òmíràn, kí ó rántí pé àlòkù náà ni èyí tí ó ń rà. Kí ó yọ gééjì rẹ̀, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó sì gba àdéhùn dídá a padà sínú ìwé. Kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ radiétọ̀ tàbí kí wọ́n fọ ọ̀pá ọ́ìlì inú rẹ̀ àti ọ̀pá méjì tí ó so ó mọ́ gíà títí ohun tí ń jáde yóò fi mọ́. Irin tí gíà àkọ́kọ́ jẹ kí ó tó kú ṣì wà nínú àwọn ọ̀pá náà. Bí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnì báyìí, inú gíà tuntun ni ọ́ìlì yóò gbé e lọ. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, kí wọ́n tún yẹ iye ọ́ìlì wò, nítorí pé torque converter tí wọ́n gbé wọlé ní gbígbẹ máa ń mu ọ́ìlì púpọ̀ kí ó tó yó.